Ẹlẹ́rìí Inú Ìgò Kékeré

Obìnrin tí ó bá mọ iṣẹ́ ọbẹ̀ ní ilẹ̀ wa mọ̀ pé bí ẹran ògbólógbòó màlúù bá ṣe agídí lórí iná, bí a bá rẹ́ ìbẹ́pẹ tútù sí i, tàbí tí a ti fi ewé ìbẹ́pẹ wé e fún ìgbà díẹ̀ kí a tó gbé e kaná, agídí ẹran náà á tán, eyín arúgbó pàápàá á sì rí i jẹ. Ohun tí ń ṣe iṣẹ́ náà wà nínú oje funfun tí ń kán lára èèpo ìbẹ́pẹ nígbà tí a bá fi ọ̀bẹ kàn án. Papain ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ọ̀kan ni ó sì jẹ́ nínú ìdílé ńlá àwọn ẹ́ńsáìmù tí iṣẹ́ wọn láyé ni láti máa gé purotéènì sí wẹ́wẹ́. Ní ọdún 1965, Paul Gross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìròyìn kan jáde tí ó la àwọn oníṣègùn lójú: wọ́n ti fi papain sínú ẹ̀dọ̀fóóró àwọn eku, wọ́n sì rí i pé ògiri àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ fà ya, àpò wẹ́wẹ́ di àpò gbàgàdà, ẹ̀dọ̀fóóró náà sì wú láìlè sún kì mọ́, àfi bí ẹni pé eku náà ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ mu sìgá.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi lè bi mí pé kí ni ìbẹ́pẹ ń wá nínú ẹ̀dọ̀fóóró ọmọ ènìyàn, níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tí ń fín oje rẹ̀ símú. Àwọn àgbà ti dáhùn ìbéèrè náà tipẹ́tipẹ́, nígbà tí wọ́n wí pé inú obì ni kòkòrò tí ń jẹ obì ń gbé. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà, ọmọ-ogun a-jà-má-sá, tí wọ́n máa ń sáré dé ibikíbi tí kòkòrò àrùn bá ti fẹ́ tẹ̀dó. Ohun ìjà tí wọ́n kó dání pọ̀, ọ̀kan tí ó sì mú jù nínú wọn ni ẹ́ńsáìmù tí a ń pè ní elastase, tí òun àti papain jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà bí wọn kò tilẹ̀ jọ ti ìdílé kan wá. Elastase yìí ń gé ara kòkòrò àrùn jálajàla, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà bá le, kì í mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ará ilé: á tún yíjú sí okùn rírọ̀ tí ó mú kí àpò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóóró lè nà nígbà tí a bá mí sínú kí ó sì padà sípò nígbà tí a bá mí síta. Bí kò bá sí ẹni tí yóò dá a lẹ́kun, díẹ̀díẹ̀ ni okùn náà yóò máa já, títí tí gígun àtẹ̀gùn ilé ẹni yóò fi di iṣẹ́ tí a ń sinmi lé lórí lẹ́ẹ̀mẹta. Emphysema ni orúkọ àìsàn náà.

Ẹni tí ń dá elastase lẹ́kun kò jìnnà. Ẹ̀dọ̀, àgbà inú, a-ṣiṣẹ́-tọ̀sán-tòru-má-gbowó, ọba tí ó fi egungun ìhà ṣe ààfin tí ó sì ń bọ́ gbogbo ara bí ẹní bọ́ ìlú, ni ó ń ṣe purotéènì kan lójoojúmọ́, nǹkan bíi giramu méjì, tí ó sì ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ kí ó lè dé ẹ̀dọ̀fóóró. Alpha-1-antitrypsin ni wọ́n ń pè é. AAT ni èmi yóò máa pè é láti ìsinsin yìí lọ, kí orúkọ gígùn má baà gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀rọ̀.

Bí ayé ṣe mọ̀ pé AAT ṣe pàtàkì tó, ọwọ́ ọkùnrin kan tí ó rí ohun tí kò sí ni ó ti wá. Ní ìlú Malmö ní ilẹ̀ Swídìn ni Carl-Bertil Laurell ti ń ṣe ọ̀gá ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi iná mànàmáná fa àwọn purotéènì inú omi ẹ̀jẹ̀ lórí bébà kí oríṣi kọ̀ọ̀kan lè dúró ní ààyè tirẹ̀ bí ìlà. Nínú nǹkan bí 1,500 bébà tí ó gba abẹ́ ojú rẹ̀ kọjá, ó rí márùn-ún tí ìlà tí ó yẹ kí AAT wà kò sí lórí wọn. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé bébà ni kò dára, tàbí pé ọmọ iṣẹ́ ni ó sun lórí iṣẹ́, kí ó sì sọ wọ́n sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Laurell pe Sten Eriksson, dókítà ọ̀dọ́ kan, wọ́n sì tọ ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn márààrún lọ. Mẹ́ta nínú wọn ni ẹ̀dọ̀fóóró wọn ti bàjẹ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣì ń jó lóde. Ní 1963 ni àwọn méjèèjì kọ ìròyìn wọn. Ní 1969, Harvey Sharp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tún fi hàn pé àwọn ọmọdé kan tí AAT inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó nǹkan ni ẹ̀dọ̀ wọn ń le tí ó sì ń gbẹ. Láti 1972 dé 1974, àwọn ará Swídìn yẹ ẹ̀jẹ̀ 200,000 ọmọ tuntun wò, ọgọ́fà àti díẹ̀ nínú wọn ni ó sì ní àbùkù náà láti ìhà bàbá àti láti ìhà ìyá.

Àbùkù tí a wí yìí, ẹyọ ohun kan ṣoṣo ni. Ámínò ásíìdì 394 ni ó so pọ̀ di AAT, lára ẹni tí ó bá sì gba irú tí wọ́n ń pè ní Z, ìkejìlélógójì lẹ́yìn ọ̀ọ́dúnrún, èyíinì 342, ni a fi òmíràn rọ́pò. Àwọn tí ìran wọn ti àríwá Yúróòpù wá ni Z wọ́pọ̀ sí. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ó ṣọ̀wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí ìran ti pọ̀ mọ́ ìran, bíi ti Brazil àti Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tí ó lè fi àwọ̀ ojú nìkan búra. Ọ̀nà tí AAT ń gbà ṣiṣẹ́ ni ó kan gbogbo wa, ẹ sì jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ìdí tí ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fi lè ṣini lọ́nà.

Pàkúté èkúté ni àwọn onímọ̀ fúnra wọn fi AAT wé. Okùn kékeré kan yọ síta lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjẹ lẹ́nu pàkúté; elastase á rí i, á gbé ẹnu lé e, á sì gé e. Bí ó ti ń gé e ni pàkúté ta: okùn tí ó gé náà á fò padà wọ inú ara AAT, á sì wọ́ elastase tí ó ti lẹ̀ mọ́ ọn láti orí dé ìdí, níbi tí ara elastase yóò ti wó tí eyín rẹ̀ kò sì ní lè gé ohunkóhun mọ́. Ẹran kú, pàkúté pẹ̀lú bàjẹ́. Ẹnì kan kì í dẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọdún 2000 ni Robin Carrell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àwòrán irú ìdìmú bẹ́ẹ̀ han ayé, tí gbogbo ènìyàn rí i pé ohun tí wọ́n ti ń fura sí rí bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Ní ìdí ìjẹ náà, ní ipò 358, ni ámínò ásíìdì tí ń jẹ́ methionine wà, òun sì ni ẹ̀fin sìgá máa ń bàjẹ́, tí elastase yóò fi kọjá lára pàkúté láìyà sí i. Nítorí náà ni ẹni tí AAT rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀, tí ó tún ń mu sìgá, fi máa ń ní emphysema kí irun rẹ̀ tó funfun.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń rí ohun tí ó kéré tó báyìí? Máíkírósíkóòpù tí ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ kò lè fi AAT ẹyọ kan hàn, bó ti wù kí ó lágbára tó. Bí oníwàádìí bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kan, bí ó ti pọ̀ tó, tàbí ibi tí ó há sí nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, ó ní láti rán ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lójú, kí onítọ̀hún lọ dì mọ́ ọn, kí ó sì jẹ́rìí pé òun nìyí. Ẹlẹ́rìí náà ni àńtíbọ́dì, ara ẹranko ni a sì ti ń bá a. Bí a bá gún ehoro ní abẹ́rẹ́ AAT tí a yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ara ehoro á mọ̀ pé àjèjì ti wọlé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àńtíbọ́dì tí yóò máa gbá a mú; a ó tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a ó tún un gún, nígbà tí ó bá sì yá, a ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni ohun tí a rí níbẹ̀: ọ̀kan dì mọ́ AAT níbi orí, òmíràn níbi ẹsẹ̀, òmíràn níbi okùn ìjẹ. Ó dára, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ehoro náà bá kú ni àgbájọ náà parí, nítorí pé ehoro kejì kò ní ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Georges Köhler, ọmọ Jámánì, àti César Milstein, ọmọ Argentínà tí wàhálà ìṣèlú lé kúrò nílé, ni wọ́n yanjú ìṣòro yìí ní Cambridge ní 1975. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì kan tí ń ṣe àńtíbọ́dì nínú ara èkúté, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kò mọ ikú. Ọmọ tí àwọn méjèèjì bí jogún iṣẹ́ ti ìyá àti ẹ̀mí gígùn ti bàbá, ó sì ń ṣe irú àńtíbọ́dì kan ṣoṣo nínú ìgò, láìyẹ̀, láìdẹ́kun. Wọn kò gba àṣẹ oníṣòwò kankan lé e lórí, ẹni tí ó bá fẹ́ sì rí i lò. Ní 1984 ni àwọn pẹ̀lú Niels Jerne gba ẹ̀bùn Nobel. Ní ọdún kan náà yìí ni àwọn ará Malmö, Eriksson ti àtijọ́ sì wà láàárín wọn, gbé àńtíbọ́dì èkúté kan jáde tí ó ń dá Z mọ̀ yàtọ̀ sí AAT tí kò lábùkù, nígbà tí ó jẹ́ pé ámínò ásíìdì kan péré ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn. Bí mo bá ní kí n fi ẹnu mi yin iṣẹ́ kan nínú ìtàn yìí, òun ni.

Ẹ jẹ́ kí á bá oníwàádìí kan wọ yàrá rẹ̀ nísinsin yìí. Ìgò tí àńtíbọ́dì wà nínú rẹ̀ kò tó àtàǹpàkò, ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì ju ẹ̀kán omi méjì sí mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ lè tó owó oṣù òṣìṣẹ́ kékeré. Oníwàádìí náà ti lọ ẹ̀dọ̀, ó ti se omi rẹ̀ pẹ̀lú èròjà kan tí ó dà bí ọṣẹ, kí àwọn purotéènì inú rẹ̀ lè tú kúrò ní kíká kí wọ́n sì di okùn gbọọrọ. Ó tú u sínú jẹ́ẹ̀lì, ó fi iná mànàmáná fà wọ́n, èyí tí ó kéré sì sáré ju èyí tí ó tóbi lọ. Ó kó wọn sórí awẹ́ bébà funfun kan. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ohun tí ó máa ń pa àlejò lẹ́rìn-ín: ó po mílíìkì lẹ́búlẹ́bú mọ́ omi iyọ̀, ó sì ri bébà náà sínú rẹ̀, kí mílíìkì lè gba gbogbo ààyè tí ó ṣófo, kí àńtíbọ́dì má baà lẹ̀ mọ́ ibi tí a kò rán an. Nígbà náà ni ó kán àńtíbọ́dì ehoro sí i, ìwọ̀n 1 sínú 1,000, tí ó sì fi í sílẹ̀ ní ibi tútù di ọjọ́ kejì lórí ẹ̀rọ tí ń mì í lẹ́jẹ́lẹ́jẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ó fọ bébà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó da àńtíbọ́dì kejì sí i, èyí tí a ṣe lára ewúrẹ́ láti máa gbá àńtíbọ́dì ehoro mú. Lára ti ewúrẹ́ yìí ni a so ẹ́ńsáìmù kan mọ́, tí a yọ láti inú gbòǹgbò horseradish, ewébẹ̀ títa kan ti àwọn ará Yúróòpù. Bí a bá ti da àwọ̀ sí i, ibi tí ẹ́ńsáìmù náà bá dúró sí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìlà kan yọ, ó ga ju àmì ìwúwo 50 lọ díẹ̀, ní nǹkan bíi 52 kilodalton, òṣùwọ̀n ìwúwo purotéènì, ibi tí AAT máa ń dúró sí gan-an. Ẹni tí kò bá tíì rí i rí kò mọ ayọ̀ tí ó wà nínú ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú.

Ṣùgbọ́n níbi tí ayọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kí òǹkàwé fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo ìgò tí ó wà nínú firísà ni ó ní àkọlé tí ó dára lára, ọjọ́ tí a bá bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ni a ń mọ ẹlẹ́rìí èké. AAT kò dá wà: ìdílé serpin, tí Carrell àti James Travis sọ lórúkọ ní 1985, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ìdílé náà sì jọra. Antichymotrypsin, tí ẹ̀dọ̀ kan náà ń ṣe, fara jọ AAT dé ibi tí àńtíbọ́dì tí kò mọ́jú dáadáa fi lè di òun mú kí ó sì máa búra pé AAT ni. Albumin ẹ̀wẹ̀, ọlọ́pọ̀ ìlú, tí ó pọ̀ ju gbogbo purotéènì inú omi ẹ̀jẹ̀ lọ, tí kò sì jìnnà sí AAT lórí jẹ́ẹ̀lì, lè wú kí ó ti ìlà AAT wọ́ kúrò ní ààyè rẹ̀.

Èyí tí ó tún jinlẹ̀ ju ti ìbátan lọ ni ti ojú. Àńtíbọ́dì kì í mọ orúkọ, ojú ni ó mọ̀, AAT sì ní ju ojú kan lọ. Ojú kan wà nígbà tí ó ń dẹ ìjẹ sílẹ̀, òmíràn wà nígbà tí pàkúté bá ti ta. Irú ti Z tún ní ojú kẹta, tí David Lomas, Carrell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣàlàyé ní 1992: okùn ìjẹ ti ọ̀kan á ki ara rẹ̀ bọ inú ara èkejì, ti èkejì á bọ ti ẹ̀kẹta, wọn yóò so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, wọn kò sì ní lè jáde nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí ó ṣe wọ́n. Bí a bá gé ẹ̀dọ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a fi àńtíbọ́dì àti àwọ̀ sí i, a ó rí àwọn ìṣù róbótó róbótó tí ó kún inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀jẹ̀ ṣófo, ẹ̀dọ̀ sì ń kún, ebi ń pa ẹ̀dọ̀fóóró, àjẹyó ń pa ẹ̀dọ̀. Ní 2010 ni Elena Miranda, Lomas àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé àńtíbọ́dì kan jáde, 2C1, tí ó ń di ẹ̀wọ̀n yìí nìkan mú tí kì í sì í dá AAT tí ó dá dúró lóhùn. Ohun ìyanu ni fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó fẹ́ wọn gbogbo AAT inú ẹ̀jẹ̀ bá ṣèèṣì mú un, yóò kéde pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bákan náà ni àńtíbọ́dì tí ó jẹ́rìí òtítọ́ lórí bébà, níbi tí ọṣẹ àti iná ti tú AAT sí gbọọrọ, lè ya odi níwájú AAT tí ó ká jọ nínú ẹ̀jẹ̀, kí èyí tí ó mọ ti inú ẹ̀jẹ̀ sì má mọ ti inú ẹ̀dọ̀ tí a ti fi formalin rẹ. Ẹ̀rí tí a gbọ́ ní kóòtù kan kò tó fún kóòtù kejì.

Bí ojú bá sì jẹ́ ojú AAT ní tòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ní 1983 ni wọ́n kọ ìtàn ọmọkùnrin kan, ní ìlú Pittsburgh kan náà tí a ti dárúkọ, tí ẹ̀jẹ̀ kì í dá lára rẹ̀, tí ìsun-ẹ̀jẹ̀ sì pa á ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tú purotéènì rẹ̀ palẹ̀, wọ́n rí i pé methionine ipò 358, èyí tí í ṣe ìjẹ elastase, ti di arginine. Pàkúté kan náà ni, ìjẹ ni ó yàtọ̀, ẹran mìíràn ni ó sì ń pa: ó ń pa thrombin, tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Àńtíbọ́dì tí a bá fi wọn AAT ọmọ náà yóò sọ pé AAT rẹ̀ kò dín, kò sì ní purọ́, nítorí pé bí AAT ti pọ̀ tó ni a bi í, a kò bi í ní iṣẹ́ tí AAT náà ń ṣe.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, ìwádìí tí a bá sì gbé ka ẹ̀rí àńtíbọ́dì kan ṣoṣo láìfi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ilé tí a fi itọ́ mọ ni, ìrì ni yóò wó o. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbá. Ní 2008, àwọn ará Swídìn tí ń ya àwòrán gbogbo purotéènì ara ènìyàn dán àńtíbọ́dì tí ó lé ní 5,000 tí wọ́n ń tà lọ́jà wò, àwọn tí ó sì dá ohun tí wọ́n kọ sára wọn mọ̀ tí kò mọ òmíràn kò tó ìdajì. Ní 2015, Andrew Bradbury àti Andreas Plückthun, pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ onímọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí i, kígbe síta pé kí á yé gba àńtíbọ́dì bí ẹní gba oògùn ìkọ̀kọ̀, kí á máa mọ àkọsílẹ̀ jíìnì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Èmi fara mọ́ wọn. Ẹni tí ó ń tà á ń rí èrè lórí ìgò tí kò mọ nǹkan kan bí ó ti ń rí lórí èyí tí ó mọ̀, owó ìwádìí tí ó sì bá ibẹ̀ lọ kì í padà.

Bí a ṣe ń wá ẹlẹ́rìí yìí lẹ́nu wò kò le. Ẹ gbé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí ń ṣe AAT síwájú rẹ̀, kí ẹ sì gbé irú sẹ́ẹ̀lì kan náà tí a ti pa jíìnì AAT inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì: bí ìlà 52 náà bá yọ lára méjèèjì, irọ́ ni ó ń pa. Ẹ fi àńtíbọ́dì kejì nìkan sí bébà kan, láìfi ti àkọ́kọ́ sí i, kí ẹ mọ̀ bóyá ti ewúrẹ́ ni ó ń dá sọ̀rọ̀. Ẹ mú àńtíbọ́dì mìíràn tí ń di ibòmíràn mú lára AAT, kí ẹ wò ó bóyá ẹnu àwọn méjèèjì kò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní jíìnì ni ọjọ́ kan náà. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí nílé níhìn-ín, tí iná ọba ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹ pín ìgò yín sí wẹ́wẹ́ lọ́jọ́ tí ó bá dé, kí ẹ tó gbé e sí ìwọ̀n òtútù ogún nísàlẹ̀ òdo, nítorí àńtíbọ́dì tí ó dì, tí ó yọ́, tí ó tún dì, tí ó tún yọ́, á gbàgbé ohun tí ó mọ̀. Kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ara ìgò rẹ̀ àti bí ẹ ṣe pò ó sínú ìwé tí ẹ bá tẹ̀ jáde.

Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgò wọ̀nyí ni a ti ń rí ìkìlọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké: fún ìwádìí nìkan, kì í ṣe fún àyẹ̀wò àìsàn. Ìkìlọ̀ náà kàn yín, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe oníwàádìí. Bí èémí ẹnì kan nínú ilé yín bá ń kúrú kí ó tó darúgbó, tàbí bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n tí pípọ́n náà kò sì lọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ béèrè pé kí wọ́n wọn AAT inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ tí a fọwọ́ sí fún aláìsàn. Kí ẹ ṣe é nígbà tí ibà tàbí egbò kò sí lára rẹ̀, nítorí pé nígbà tí ara bá ń jà ni ẹ̀dọ̀ máa ń ṣe AAT ju ti ìgbà gbogbo lọ, tí iye tí kò tó yóò fi dà bí èyí tí ó tó. Bí ó bá kéré, kí wọ́n yẹ jíìnì rẹ̀ wò, nítorí pé láti 1987 ni wọ́n ti ń fún àwọn tí tiwọn kò tó ní AAT tí wọ́n yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn olùtọrẹ ní àwọn ilẹ̀ tí ó ti wà. Bí sìgá bá sì wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí.